Òṣùwọ̀n ìlẹ̀kẹ̀ Màámi ló jẹ́ kí móólù yé mi

Ìbéèrè náà ò ju ìlà méjì lọ. Wọ́n ní a da gíráàmù 10 háídírójìn pọ̀ mọ́ gíráàmù 10 ọ́síjìn, a ṣáná sí i. Omi gíráàmù mélòó ni a ó rí? Mo kọ 20. Mẹ́wàá lórí mẹ́wàá, ogún ni. Tíṣà wa fi bírò pupa fa ìlà gba orí ìdáhùn mi kọjá, ó kọ 11.25 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ṣí ìwé ẹlòmíràn. SS2 ni mo wà nígbà náà. Mo gbé ìwé yẹn délé, mo wò ó títí ojú ń ro mí. Gíráàmù mẹ́jọ ó lé tó kù ńkọ́? Ṣé ó jóná ni? Mi ò rí ẹni bi, torí àwa tá a jọ wà ní kíláàsì, ohun tí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀ ò ju tèmi lọ.

Kì í ṣe pé wọn ò kọ́ wa. Wọ́n kọ ọ́ sí bọ́ọ̀dù gàdàgbà pé tá a bá fẹ́ mọ iye móólù, ká mú ìwọ̀n nǹkan náà ní gíráàmù, ká pín in pẹ̀lú ìwọ̀n móólù rẹ̀ kan. Wọ́n kọ 6.02 × 10²³ sábẹ́ rẹ̀, wọ́n ní òǹkà Avogadro nìyẹn, ẹ má gbàgbé o. A ò gbàgbé. Bí wọ́n bá jí mi lóru, mo lè kà á láìdánu dúró. Ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi lọ́hùn-ún, mo gbà pé irú ìwọ̀n kan bíi kílò ni móólù, tàbí ohun kan tí wọ́n ń kó sínú ìgò ní ibi tí a ò tíì dé. Mo fẹ́ràn kẹ́mísírì gan-an, ìdí nìyẹn tó fi ká mi lára tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo nílò ò ju gbólóhùn kan lọ. Ìyá mi ló padà sọ ọ́ fún mi, kò sì mọ̀ pé kẹ́mísírì lòun ń sọ.

Iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ ni Màámi ń ṣe. Ilé-Ifẹ̀ ni wá, ilé wa ò sì jìnnà sí Ẹnuwá, níwájú ààfin Ọọ̀ni. Ní ìlú yìí, ìlẹ̀kẹ̀ kọjá ohun tí èèyàn kàn ń kó sọ́rùn. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti hú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlẹ̀kẹ̀ dígí jáde ní Igbó Olókun, pẹ̀lú àwo tí wọ́n fi ń yọ́ dígí nígbà náà. Nígbà tí wọ́n yẹ dígí ọ̀hún wò, wọ́n rí i pé kálísíọ̀mù àti àlùmíníọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀ lọ́nà tí kò bá ti ilẹ̀ Lárúbáwá mu, tí kò sì bá ti Yúróòpù mu. Níbí ni wọ́n ti pò ó, láti nǹkan bí ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Mo máa ń ronú nípa àwọn èèyàn yẹn. Ẹni tó ń pò dígí lórí iná, tí ó ń jáde bákan náà lónìí àti lọ́la, mọ iye tó yẹ kó bù nínú ohun kọ̀ọ̀kan.

Ní ọdún tí mo ń sọ yìí, wọ́n gbé iṣẹ́ ìgbéyàwó wá fún Màámi. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, ti ọwọ́, ti orí, tìyàwó tọ̀rẹ́ ìyàwó. Ọ̀nà tó fẹ́ gbà sín in ni ńlá kan, kékeré méjì, ńlá kan, kékeré méjì, títí dé ìdí okùn. Pupa ni ńlá, búlúù ni kékeré. Ńlá ẹgbẹ̀rún kan ni iṣẹ́ náà máa gbà, èyí tó túmọ̀ sí pé kékeré gbọ́dọ̀ pé ẹgbàá. Ó ra ìlẹ̀kẹ̀ náà dé láti ọjà nínú ọ̀rá, ó kó o lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n ṣètò rẹ̀ kó tó ti ilé ìdáná dé.

Mo tẹ́ ẹní, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Márùn-ún márùn-ún ni mò ń kó wọn sínú abọ́ ìke. Mo ti ka kékeré dé irínwó ó lé díẹ̀ nígbà tí àbúrò mi sáré wọlé, ó bi mí níbi tí bàtà òun wà, iye tí mo kà sì fò lọ lórí mi pátápátá. Mo da gbogbo rẹ̀ padà. Màámi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí.

"Àbẹ̀kẹ́, ta ló ní kó o máa ka ìlẹ̀kẹ̀? Ilẹ̀ á mọ́ bá ẹ níbẹ̀. Gbé òṣùwọ̀n wá."

Òṣùwọ̀n kékeré oníbátìrì ni, irú èyí tí àwọn tó ń ta wúrà ń lò. Ó ka ọgọ́rùn-ún kékeré, ó dà á lé e: gíráàmù 6. Ó kó o kúrò, ó ka ọgọ́rùn-ún ńlá: gíráàmù 90. Ó ní kí n kọ méjèèjì sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kò ka nǹkan kan mọ́. Ó ń bu kékeré lé òṣùwọ̀n, ó ń bù ú, nígbà tó di gíráàmù 120 ó dáwọ́ dúró, ó ní, "Ẹgbàá rèé." Ó bu ńlá títí tó fi di 900, ó ní, "Ẹgbẹ̀rún kan rèé." Gbogbo rẹ̀ ò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Mo ní, "Màámi, ṣé ó dá yín lójú pé ó pé?"

Ó ní, "Ó lè fi ẹyọ kan méjì lé tàbí dín, torí ìlẹ̀kẹ̀ ò dọ́gba tán. Ṣùgbọ́n iye ni okùn ń bèèrè lọ́wọ́ mi. Ìwọ̀n ni wọ́n fi ń tà á fún mi lọ́jà. Kí ni kí n ṣe?"

Mi ò lè sọ pé ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kọjá. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ṣí ìwé kẹ́mísírì sí ibi tí wọ́n to ẹ́límẹ́ǹtì sí, ojú mi bọ́ sórí háídírójìn, 1, àti ọ́síjìn, 16. Mo wo 1 àti 16. Mo rántí 6 àti 90. Mo dìde jókòó lórí ibùsùn.

Omi ni ọ́síjìn kan pẹ̀lú háídírójìn méjì. Ńlá kan, kékeré méjì. Átọ́ọ̀mù, ẹyọ tó kéré jù lọ nínú ẹ́límẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan, ò mọ gíráàmù. Bí wọ́n bá fẹ́ dì mọ́ra wọn, iye ni wọ́n ń bèèrè, bí okùn Màámi ṣe ń bèèrè iye. Àwa tó fẹ́ pò wọ́n ni a ò lè kà wọ́n, torí wọ́n kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ. Gbogbo ohun tí a ní lọ́wọ́ ni òṣùwọ̀n. A nílò ohun tí yóò mú wa láti ìwọ̀n dé iye. Ohun náà ni móólù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe é díẹ̀díẹ̀, torí ibí yìí gan-an ni wọ́n ti sáré kọjá nígbà tiwa. Átọ́ọ̀mù ọ́síjìn kan wúwo tó átọ́ọ̀mù háídírójìn mẹ́rìndínlógún. Tí mo bá wọn gíráàmù 1 háídírójìn síbí, tí mo wọn gíráàmù 16 ọ́síjìn sọ́hùn-ún, iye átọ́ọ̀mù tó wà níhà méjèèjì dọ́gba. Mi ò tíì mọ iye náà, kò sì pọn dandan kí n mọ̀ ọ́n; mo mọ̀ pé wọ́n dọ́gba. Kábọ́ọ̀nù ńkọ́? Ìlọ́po 12 ni tirẹ̀, gíráàmù 12. Irin, gíráàmù 56. Wúrà, gíráàmù 197. Ẹ tò wọ́n sórí tábìlì, òkìtì kan ga, òkìtì kan kúrú, iye kan náà ni gbogbo wọn. Iye yẹn ni wọ́n sọ ní móólù kan. Nọ́ńbà tí wọ́n ní ká kọ́ sórí, ìdáhùn ni sí ìbéèrè "mélòó ni?", wọ́n sì ti gbé ìdáhùn fún wa kí ẹnikẹ́ni tó bi wá ní ìbéèrè.

Ohun tó dùn mí jù ni pé èdè tí mo ń sọ nílé ti ní irú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Kí ni ọ̀kẹ́? Àpò ni. Iye sì ni pẹ̀lú: ọ̀kẹ́ kan owó ẹyọ jẹ́ 20,000. Títí dòní, ẹni tó bá fẹ́ sọ mílíọ̀nù kan náírà lédè Yorùbá tó jinlẹ̀, ọ̀kẹ́ àádọ́ta ló máa sọ. Ọ̀kẹ́ kan ẹ̀wà àti ọ̀kẹ́ kan iṣu, ẹyọ 20,000 ni méjèèjì. Mo lè gbé ọ̀kẹ́ kan ẹ̀wà sórí rìn dé Láàgéérè, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kí n gbé ọ̀kẹ́ kan iṣu, ọkọ̀ akẹ́rù ni mo máa lọ wá. Kò sí ọmọ Yorùbá kan tí ìyẹn máa dàrú mọ́ lójú. Bí ẹnì kan bá sọ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé ọ̀kẹ́ àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ni móólù, tí ó kàn pọ̀ ju tiwa lọ, ìbá ti parí.

Ó sì pọ̀ lóòótọ́. Ẹ bu omi kún ṣíbí ìbùjẹ kan, ẹ fi díẹ̀ lé e, ẹ dà á sí àtẹ́lẹwọ́. Gíráàmù 18 nìyẹn, kò tó èyí tí èèyàn máa fi gbé oògùn mì. Móólù omi kan ni. Ẹ kọ 602, kí ẹ fi òdo 21 tẹ̀ lé e, iye mólékù, ìyẹn átọ́ọ̀mù tó so pọ̀ di ẹyọ omi kan, tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ yín nìyẹn. Bí gbogbo èèyàn tó wà láyé, nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́jọ, bá jókòó yí omi yẹn ká, tí kálukú ń ka ẹyọ kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, tọ̀sán-tòru, láìsùn láìjẹun, ó máa gbà wọ́n ju mílíọ̀nù ọdún méjì lọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣírò èyí, mo rò pé mo ṣì í. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Orúkọ Amedeo Avogadro tó wà lára òǹkà náà lè mú kí èèyàn rò pé òun ló kà á. Òun kọ́. Ará Turin ní Ítálì ni, ẹ̀kọ́ òfin ló kọ́kọ́ kọ́. Ohun tó sọ ní 1811 ni pé bí ooru bá dọ́gba, tí ìfúnpá bá dọ́gba, gáàsì tó bá gba àyè kan náà ní iye mólékù kan náà, ì báà jẹ́ gáàsì wo. Ó sọ pé wọ́n dọ́gba. Kò sọ pé mélòó ni. Ó kú ní 1856 láìmọ̀ ọ́n. Ní 1860, nígbà tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì pàdé ní Karlsruhe ní Jámánì, ọmọ Ítálì bíi tirẹ̀, Stanislao Cannizzaro, gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dìde padà. Ní 1865, Johann Josef Loschmidt, ẹni tó ti ṣe tíṣà ní Vienna, ṣírò bí mólékù inú afẹ́fẹ́ ṣe tóbi tó, ìyẹn sì ṣílẹ̀kùn fún mímọ iye wọn. Ẹni tó fi orúkọ Avogadro pe òǹkà náà ni Jean Perrin, ará Faransé, ní 1909. Iṣẹ́ Perrin ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀: ó lọ oje igi kan kúnná, ó pò ó mọ́ omi, ó fi ẹ̀rọ amúǹkan-tóbi ń ka hóró rẹ̀ tó léfòó lókè àti èyí tó wà nísàlẹ̀, láti inú ìyàtọ̀ àárín wọn ló ti ṣírò òǹkà náà. Kíkà ló jókòó ṣe, bí ọmọ tí wọ́n kó ìlẹ̀kẹ̀ fún. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1926.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìtumọ̀ tí wọ́n fún móólù ni iye átọ́ọ̀mù tó wà nínú gíráàmù 12 kábọ́ọ̀nù-12. Láti ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 2019, wọ́n ti yí i padà: móólù kan jẹ́ ẹyọ 6.02214076 × 10²³, kò lé, kò dín. Inú mi dùn sí i nígbà tí mo kà á, torí wọ́n yọ gíráàmù kúrò nínú rẹ̀ pátápátá. Ìtumọ̀ náà fúnra rẹ̀ ti wá ń sọ ọ́ ní gbangba pé iye ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìbéèrè tó pa mí lẹ́kún. Nígbà kan tí iṣẹ́ wọ Màámi lọ́rùn, ìlẹ̀kẹ̀ kékeré tán mọ́ ọn lọ́wọ́. Ńlá ṣì kún abọ́, ṣùgbọ́n kò lè sín ẹyọ kan sí i. Ó káwọ́ gbera, ó ní ọ̀la lòun ó padà sọ́jà. Èyí tó kọ́kọ́ tán ló so gbogbo iṣẹ́ rọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí háídírójìn àti ọ́síjìn mi náà nìyẹn, àfi pé ńlá ló tán níbẹ̀.

Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ kì í dá rìn, méjì-méjì ni átọ́ọ̀mù rẹ̀ so pọ̀, háídírójìn náà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà mólékù háídírójìn méjì ló ń bá mólékù ọ́síjìn kan lọ, tí omi méjì fi ń jáde. Móólù kan háídírójìn tó so pọ̀ báyìí jẹ́ gíráàmù 2. Gíráàmù 10 jẹ́ móólù 5. Móólù kan ọ́síjìn tó so pọ̀ jẹ́ gíráàmù 32. Gíráàmù 10 ò tó ìdá mẹ́ta móólù, 0.3125 péré ni. Ẹ wò ó: márùn-ún níhìn-ín, kò tó ààbọ̀ lọ́hùn-ún, ìwọ̀n wọn sì dọ́gba lórí òṣùwọ̀n! Ọ́síjìn ló máa kọ́kọ́ tán. Yóò mú háídírójìn ìlọ́po méjì ara rẹ̀, móólù 0.625, ìyẹn gíráàmù 1.25. Omi móólù 0.625 ló máa jáde, 0.625 lọ́nà 18 sì jẹ́ 11.25. Gíráàmù 8.75 háídírójìn wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Kò jóná. Kò rí ẹni bá lọ ni.

Gíráàmù 8.75 yẹn ni mo sun ẹkún rẹ̀. Tí ẹnì kan bá sọ fún mi pé ó ṣẹ́kù sínú ìgò, ń bá ti sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ibì kan tún wà tó máa ń mú àwọn ọmọ ṣubú, ẹ̀ẹ̀kan ni mo máa sọ ọ́. Tí wọ́n bá ní "móólù kan ọ́síjìn," ẹ bi wọ́n pé ọ́síjìn wo? Ẹyọ átọ́ọ̀mù, gíráàmù 16. Èyí tó so pọ̀ ní méjì-méjì, gíráàmù 32. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ ọ̀kẹ́ kan, tí kò sọ ọ̀kẹ́ kí ni, kò tíì sọ̀rọ̀.

Gáàsì ló rọrùn jù láti fi hàn. Ní ooru òdo lórí ìdíwọ̀n Celsius àti ìfúnpá afẹ́fẹ́ bó ṣe yẹ, móólù gáàsì kan ń gba lítà 22.4, èyí tó wà nínú gbogbo ìwé WAEC. Ṣùgbọ́n ta ló wà ní ooru òdo nílùú Ifẹ̀? Ní ooru tiwa níbí, ó súnmọ́ lítà 25. Kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò tí à ń gbé lọ pọnmi nìyẹn. Tó bá ṣófo, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi móólù kan, ìwọ̀n rẹ̀ ò sì ju gíráàmù 29 lọ. Tí a bá wá rọ omi kún un, omi móólù tó lé ní 1,380 ló wà nínú rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì kan náà. Láti ìgbà tí mo ti mọ èyí, mi ò lè gbé kẹ́ẹ̀gì tó ṣófo kí n má rò ó.

Mo ń ṣe lẹ́sìnnì fún àwọn ọmọ àdúgbò nírọ̀lẹ́ báyìí, èdè Yorùbá ni mo sì fi ń ṣe é kí a tó kọ ọ́ sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn òbí kan kọ́kọ́ bínú. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni WAEC máa fi béèrè. Òótọ́ ni. Mo sọ fún wọn pé ìtòsí wa níbí, ní Mọdákẹ́kẹ́, ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A", ni Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1970 láti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò náà wà níbẹ̀, tí wọ́n sì fi tíṣà tó mọ̀ ọ́n kọ́ dáadáa kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yẹn ò rẹ̀yìn, ní Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ó ń dùn mí pé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló mọ, tí kò dé ibi tí móólù wà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí ọ̀rọ̀ kan ò yé kì í sọ pé èdè ni kò yé òun. Ó máa ń sọ pé orí òun ò pé. Mo sọ bẹ́ẹ̀ nípa ara mi fún oṣù mélòó kan, n kò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn sọ ọ́.

Màámi fún mi ní òṣùwọ̀n rẹ̀ nígbà tó ra tuntun. Ní ọjọ́ Tuesday tó kọjá, mo tò wọ́n sórí tábìlì fún wọn: omi gíráàmù 18 nínú ife, ìṣó gíráàmù 56, iyọ̀ gíráàmù 58.5, ṣúgà gíráàmù 342 tó kún abọ́. Mo ní kí wọ́n sọ èyí tó pọ̀ jù. Gbogbo wọn nawọ́ sí ṣúgà. Mo ní tí a bá kà wọ́n ńkọ́, ìṣó ní átọ́ọ̀mù-átọ́ọ̀mù, omi àti ṣúgà ní mólékù-mólékù? Ilé dákẹ́. Ọmọbìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ dìde, ó wá síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ wo ìṣó, ó wo omi, ó wá fi ìka kan iyọ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ mà. Àwọn yẹn yé mi, iye kan náà ni. Ṣùgbọ́n ẹ sọ pé sódíọ̀mù àti klóríìnì ló wà nínú iyọ̀. Ṣé a ka méjèèjì pọ̀ bí ẹyọ kan ni, àbí ẹ fẹ́ ká kà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀? Torí tó bá jẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, móólù méjì ló wà lórí tábìlì yìí."

Mo fún un ní ṣọ́ọ̀kì.